Ère Tí A Fi Àlòkù Ṣe

Ọ̀rọ̀ kan ń bẹ lọ́fun mi tí n kò lè gbé mì.

Nígbà ọdún ìbílẹ̀ tí ó kọjá ní ìlú wa, ọ̀dọ́mọkùnrin jórinjórin kan gbé ère ẹlẹ́ṣin wá sí ojúde ààfin. Ṣéènì kẹ̀kẹ́ ni ó fi ṣe gọ̀gọ̀ ẹṣin náà, síbí àlòkù ni ó fi ṣe etí rẹ̀. Olóyè kan, ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi, ní kí wọ́n gbé pàǹtí náà kúrò níwájú ọba. Pé igi tàbí idẹ ni ère Yorùbá, àti pé àṣà òyìnbó ni kí a máa ṣa ohun ààtàn jọ kí a sì máa pè é ní iṣẹ́ ọnà. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà gbé ère rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

N kò lè bá olóyè jiyàn lójúde ọba. Ẹ jẹ́ kí n fèsì níhìn-ín.

Ta ni kò tíì dé ojúbọ Ògún rí? Kí ni ó wà níbẹ̀ bí kò ṣe irin oríṣiríṣi: ọkọ́ tí ó ti jẹ, àdá tí ó kán, ẹ̀wọ̀n, àti irin ara ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láyé ìsinsìnyí? Kò sí ẹni tí ó pè é ní pàǹtí. Ẹ sì wo ẹ̀kú eégún. Àwọn ọmọ ilé a máa fi aṣọ kún aṣọ lọ́dọọdún, àrán lórí sányán, àǹkárá lórí àrán, títí ẹ̀kú yóò fi di ìtàn ìdílé. Òmíràn tún ní owó ẹyọ, dígí àti bọ́tìnnì lára. Òkèèrè ni púpọ̀ nínú wọn ti wá. Àwọn baba wa kò tìtorí bẹ́ẹ̀ sọ pé kì í ṣe tiwa. Ọdún 1912 ni Picasso lẹ okùn mọ́ àwòrán ní Paris. Eégún ti ń jó kí wọ́n tó bí i.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé Àjàṣẹ́, tí ayé ń pè ní Porto-Novo. Níbẹ̀ ni wọ́n bí Romuald Hazoumè, ọmọ Yorùbá, ní 1962. Kẹ́ẹ̀gì tí àwọn onífàyàwọ́ fi ń gbé epo bẹntiróòlù kọjá ẹnubodè láti Nàìjíríà ni ó ń ṣà. Àwọn onífàyàwọ́ a máa fi ooru iná mú kẹ́ẹ̀gì náà wú, kí ó lè gba epo púpọ̀ sí i, títí yóò fi bẹ́. Lọ́wọ́ Hazoumè, ibi ìdìmú rẹ̀ di imú, ẹnu rẹ̀ sì di ẹnu ènìyàn. Láàrin 1997 sí 2005 ó to irú ìbòjú bẹ́ẹ̀ 304 sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹrú ti tò nínú ọkọ̀ Brookes, nínú àwòrán tí àwọn alátakò òwò ẹrú tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1789. Ó pè é ní La Bouche du Roi, orúkọ ibì kan létí òkun Benin tí a ti ń kó ẹrú lọ. Ohun tí a lò títí ó fi bẹ́, tí a sì sọ nù: ẹ̀yin àgbà, ǹjẹ́ igi ìrókò lè sọ ọ̀rọ̀ yẹn bẹ́ẹ̀? British Museum ra iṣẹ́ náà ní 2007. Ó dùn mọ́ mi, ó sì dùn mí.

N kò sọ pé gbogbo irin tí a bá jó pọ̀ ni iṣẹ́ ọnà. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ pàǹtí tí a kàn kùn ní ọ̀dà. Ẹni tí yóò ṣe é gbọ́dọ̀ mọ ẹṣin dáradára kí ó tó fi síbí ṣe etí rẹ̀. Ọmọ wa yìí mọ̀ ọ́n. Díẹ̀ ni ó kù kí ẹṣin rẹ̀ yán.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò tóbi. Ọdún ìbílẹ̀ mìíràn ń bọ̀. Kí àwọn olóyè wa yọ̀ǹda igun kan lójúde ààfin fún irú iṣẹ́ yìí, kí àwọn agbẹ́gilére àgbà sì ṣe onídàájọ́. Ère ẹlẹ́ṣin náà ṣì wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀, òjò ń pa á. Mo ti dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà kejì, ẹnì kan ti yọ ṣéènì ọrùn rẹ̀ lọ.