Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ sílé-ẹ̀kọ́ okòwò, Mowe kì í ṣe ibùsùn lásán

Aago márùn-ún ìdájí kò tíì lù lọ́jọ́ Ajé tó kọjá nígbà tí mo wọ bọ́ọ̀sì ní Mowe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé agbègbè wa yìí mọ̀ pé béèyàn bá jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ kó tó kúrò nílé, inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ni yóò ti jẹun àárọ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan jókòó tì mí, ó ń ka nǹkan lórí fóònù rẹ̀. Nígbà tá a dé Ibafo, tí ọkọ̀ ò lọ, tí kò bọ̀, ó yíjú sí mi, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. MBA tí wọ́n ń ṣe yìí, ṣé ó tó ohun téèyàn ń yáwó ṣe?"

Ó ṣàlàyé ara rẹ̀. Ìmọ̀ ìṣirò owó ló kà ní yunifásítì, báńkì ló ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò tíì gbà á síṣẹ́ pátápátá. Àwọn kan tí wọ́n jọ wọṣẹ́ lọ gba MBA, wọ́n ti ń di ọ̀gá rẹ̀. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ibi iṣẹ́ wọn ṣe tán láti yá a lówó, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù náírà. Ìyàwó rẹ̀ sì wà nínú oyún. Mo ní kí n dá a lóhùn, Berger dé, ó bẹ́ sílẹ̀, ó ti wọnú èrò lọ. Ìdáhùn tí mi ò rí àyè fún un lọ́jọ́ náà ni mò ń kọ síbí yìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tá à ń sọ. Ilé-ẹ̀kọ́ okòwò kì í ṣe nǹkan àná. Ọdún 1881 ni wọ́n dá Wharton sílẹ̀ ní Philadelphia, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ti Harvard tẹ̀ lé e ní 1908. Nílé níbí, nígbà tí Yunifásítì Èkó bẹ̀rẹ̀ ní 1962, ẹ̀kọ́ okòwò wà lára ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Lagos Business School dé ní 1991, ó ti di apá kan Pan-Atlantic University báyìí, Ajah ló sì wà, lójú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́.

Kí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀? Wọ́n ń kọ́ bí owó ṣe ń wọlé tó sì ń jáde, bí wọ́n ṣe ń tajà, bí wọ́n ṣe ń darí òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ ọ gan-an ni kẹ́ ẹ wò. Wọ́n á gbé ìtàn iléeṣẹ́ kan tó wà nínú wàhálà fún yín, wọ́n á ní: bó bá jẹ́ ìwọ ni ọ̀gá, kí lo máa ṣe? Ẹ̀yin mẹ́fà tàbí méje lẹ máa jọ jókòó tì í. Ẹ máa jiyàn, ẹ máa bínú síra yín, ẹ sì máa jọ sọ ọ́ níwájú kíláàsì. Kẹ́ ẹ tó ṣe tán, o ti mọ ẹni tó máa ń mú àdéhùn ṣẹ, o ti mọ ẹni tó kàn mọ̀rọ̀ sọ, o sì ti mọ ẹni tó máa ń sá nígbà tí iṣẹ́ bá le.

Ohun téèyàn ń sanwó fún nìyẹn jù. Ẹ lè rí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀kọ́ inú ìwé náà kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ ẹ ò lè wa èèyàn ogójì tó mọ̀ yín dunjú jáde látorí íntánẹ́ẹ̀tì. Gbogbo wa la mọ bí nǹkan ṣe ń lọ nílùú yìí: kí wọ́n tó kéde àyè iṣẹ́ kan, ẹnì kan ti dárúkọ ẹnì kan.

Àmọ́ ṣé òyìnbó ló kọ́ wa ní èyí ni? Rárá o. Ẹ lọ sí Ifọ̀, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń kọjá látìgbà tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà rẹ̀ dé Ìbàdàn ní 1901. Ẹ dúró nídìí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ṣe fúrídọ̀mù. Ọmọ iṣẹ́ tó ti lo ọdún mẹ́ta máa kúnlẹ̀, ọ̀gá máa gbàdúrà fún un, àwọn ẹgbẹ́ télọ̀ máa jókòó yí i ká, wọ́n á ya fọ́tò. Ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n bá fún un, ara ògiri ló máa gbé e kọ́ títí ayé. Láti ọjọ́ náà lọ, bí ọ̀gá rẹ̀ bá ń sìnkú, ó máa lọ. Bí òun náà bá ń kọ́mọ jáde, ọ̀gá máa wá. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ jù lọ́wọ́ ẹnì kan, ó máa pín in fún ẹnì kejì.

Ẹ tún wo èésú. Samuel Johnson, àlùfáà Ọ̀yọ́ tó kọ ìwé ìtàn Yorùbá tó jáde ní 1921, kọ nípa rẹ̀. Àwọn èèyàn á máa dá iye kan náà, ẹnì kan á kó o lónìí, ẹlòmíràn á kó o lọ́la, láìsí báńkì, láìsí lọ́yà. Àwọn Igbo náà ní tiwọn. Ọmọ á sin ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún díẹ̀, ọ̀gá á sì fún un lówó tó máa fi bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀. Ní 2021, Ndubuisi Ekekwe kọ nípa rẹ̀ nínú Harvard Business Review, àwọn tó ń kọ́ ayé ní okòwò sì kà á. Ohun tá a ní nílé ni wọ́n ń kà níbẹ̀ yẹn.

Ìyàtọ̀ kan ló wà, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ mi dá lé. Àjọṣe télọ̀ Ifọ̀, Ifọ̀ ló wà. Àjọṣe ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé-ẹ̀kọ́ okòwò, orí WhatsApp ló wà. Torí owó ilé ní Èkó, Mowe àti Ibafo ni ọ̀pọ̀ wọn ń sùn. Wọ́n mọ ọ̀gá báńkì tó wà ní Victoria Island, wọn ò mọ orúkọ ẹni tó ń gbé ilé kejì sí tiwọn.

Ohun tójú mi rí ni mo fẹ́ sọ. Lọ́dún tó kọjá, tíráńsífọ́mà àdúgbò wa jó. Ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù dá owó lé wa lórí. Àwọn kan san, àwọn kan ní "wọ́n á jẹ ẹ́ ni." Oṣù kẹta pé, a ṣì wà nínú òkùnkùn. Gbogbo àkọsílẹ̀ owó wà nínú ìwé kékeré kan lọ́wọ́ akọ̀wé, béèyàn bá sì béèrè, ìjà ló máa ń dà.

Lọ́jọ́ ìpàdé kan, ọkùnrin kan tí mi ò rí rí wá. Àṣé ilé kẹrin sí tèmi ló ń gbé, ó sì ti lé lọ́dún márùn-ún níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló fipá mú un wá. Ó ti ṣe MBA, àmọ́ kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kò sì sọ òyìnbó. Ìbéèrè mẹ́ta ló béèrè: èló la ti gbà, ọwọ́ ta ló wà, kí la ti ná? Ó kọ ìdáhùn rẹ̀ sórí káàdìbọ́ọ̀dù, wọ́n gbé e kọ́ sẹ́nu géètì àdúgbò. Gbogbo Sátidé ló ń kọ tuntun. Ó tún ní kí wọ́n gbé owó náà fún màmá tó ń ta ìrẹsì ní oríta wa, torí pé màmá yìí ti ń gba àjọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, owó ẹnikẹ́ni kò sì sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, owó pé.

Ẹ kíyè sí i o. Káàdìbọ́ọ̀dù ọkùnrin yẹn kò ní ṣiṣẹ́ láìsí màmá, torí pé a ò mọ̀ ọ́n. Orúkọ rere màmá nìkan náà kò sì tó, torí pé àwọn tó ń bẹ̀rù ìjẹkújẹ fẹ́ fojú ara wọn rí àkọsílẹ̀. Àwọn méjèèjì ló tan iná fún wa.

Nǹkan bí oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yìí. Ó sọ fún mi fúnra rẹ̀ pé ìtìjú ló jẹ́ kóun rọra kúrò nínú gúrúùpù WhatsApp àwọn tí wọ́n jọ kàwé. Wọ́n lé ní ọgọ́ta níbẹ̀, gbogbo ìgbà ni wọ́n ń kíra wọn kú oríire ìgbéga. Nínú gbogbo wọn, ẹnì kan ṣoṣo ló pè é, ọ̀kan lára àwọn mẹ́fà tí wọ́n jọ máa ń jókòó ti iṣẹ́ àṣetiléwá. Onítọ̀hún bá a wá iṣẹ́ kiri. Ṣùgbọ́n kí iṣẹ́ tó dé, màmá oníresì ń tà á láwìn. Ẹni tó ni ilé búrẹ́dì àdúgbò wa, tó ti rí káàdìbọ́ọ̀dù yẹn, ní kó wá bóun tọ́jú ìwé owó. Oníbúlọ́ọ̀kù ní Ibafo gbọ́, òun náà pè é. Báyìí, oníbàárà rẹ̀ ti di márùn-ún, ó ní òun ò mọ̀ bóyá òun ṣì fẹ́ padà sí Èkó.

Mo mọ èsì tẹ́ ẹ máa fọ̀. Ẹ máa ní: "Ẹ̀gbọ́n, aago mẹ́rin la ń jáde, aago mẹ́wàá alẹ́ la ń wọlé. Àyè wo ló wà fún ìpàdé?" Òótọ́ ni, èmi náà ń wọ bọ́ọ̀sì yẹn. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni ìpàdé. Àwọn àgbà sì sọ ọ́ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tá ò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru. Bí àgbàrá bá gba títì lọ, kò ní béèrè ẹni tó ní MBA.

Ọ̀rọ̀ kan àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà. Mountain Top University wà ní Ibafo látọdún 2015, ẹ̀kọ́ ìṣàkóso okòwò sì wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́. Redeemer's University bẹ̀rẹ̀ lágbègbè Mowe ní 2005 kó tó kó lọ sí Ẹdẹ. Ilé-ẹ̀kọ́ lè kó lọ, ohun tó bá gbìn sára àwọn ará àdúgbò kò ní bá a lọ. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹyìn kọ̀ọ̀kan bá oníṣòwò kan ní Mowe, Ibafo tàbí Ifọ̀ tọ́jú ìwé owó fún sáà kan. Oníṣòwò á rí èrè rẹ̀ kedere, akẹ́kọ̀ọ́ náà á sì mọ̀ pé ìyá tó ń ta gàárì mọ nǹkan tí kò sí nínú ìwé.

Ní báyìí, àbúrò mi inú bọ́ọ̀sì, ìdáhùn rẹ rèé. Kó o tó tọwọ́ bọ̀wé gbèsè, bi ara rẹ ní ìbéèrè mẹ́ta. Kí ni mo fẹ́ ṣe tí mi ò lè ṣe báyìí, tí MBA máa jẹ́ kí n lè ṣe? Àwọn wo la máa jọ jókòó, ṣé irú èèyàn tó máa pè mí lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá bọ́ ni? Bí owó oṣù mi ò bá kúrò níbi tó wà lẹ́yìn ọdún méjì, ṣé mo lè san gbèsè yìí láìfi ebi pa ọmọ tó ń bọ̀? Má wulẹ̀ bi àwọn tó ti di ọ̀gá nìkan. Wá ẹni tó ṣe é tí nǹkan ò yí padà fún, kó o gbọ́ tiẹ̀ náà.

Bí ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá tẹ́ ọ lọ́rùn, lọ, Ọlọ́run á bá ọ ṣe é. Bí kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, dúró ná, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Èyí tó wù kó jẹ́, lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù àdúgbò rẹ bá tún ń ṣèpàdé, gbé àga rẹ jáde. Kíláàsì kan wà níbẹ̀ tí wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni kó tó wọlé.