Kí a tó dá òòrùn lẹ́bi nítorí omi pọ́ńdì

Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé ní àwọn abúlé àti ìlú kéékèèké Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà ní àyíká Ìbàdàn, ẹjọ́ kan náà ni àwọn tó ń sin ẹja àrọ̀ máa ń rò: omi pọ́ńdì ń lọ, wọn ò sì mọ ibi tó ń gbà lọ. Ẹnì kan á ní òòrùn ló ń fà á, á sì máa tan jẹnẹrétọ̀ láti fa omi mìíràn sí i. Ẹnì kejì á ní pọ́ńdì ti là, á ránṣẹ́ pe bíríkìlà, wọn á kó ẹja jáde, wọn á sì tún pọ́ńdì rẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè tọ̀nà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì lè ṣì í. Èrò tèmi ni pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ná kọ́bọ̀ lórí epo tàbí lórí sìmẹ́ǹtì títí tí yóò fi wọn omi rẹ̀. Garawa kan, rúlà ọmọ ilé-ìwé kan àti ọjọ́ kan sí mẹ́ta tí òjò kò rọ̀ ti tó fún iṣẹ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí òòrùn lágbára láti gbé. Ní Ìbàdàn àti àyíká rẹ̀, omi tó wà ní gbangba máa ń fi nǹkan bíi mìlímítà 4 sí 6 gbẹ lójúmọ́, ó sì lè lé díẹ̀ nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́. Mìlímítà kan omi lórí àyè tó jẹ́ mítà kan lóòró, mítà kan níbùú, lítà kan géérégé ni. Nítorí náà, pọ́ńdì kọnkéré tó jẹ́ mítà 4 sí mítà 3, tí òòrùn fa mìlímítà 5 nínú rẹ̀, lítà 60 ló pàdánù lọ́jọ́ kan, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 méjì àti díẹ̀. Bí omi pọ́ńdì kan náà bá wá ń fi sẹ̀ntímítà 3 lọ sílẹ̀ lójúmọ́, lítà 360 ni. Òòrùn gbé 60. 300 yòókù ńkọ́? Láàárín oṣù mẹ́fà tí a fi ń bọ́ ẹja títí yóò fi tó tà, lítà 300 lójúmọ́ á di 54,000. Ó kún tánkà onílítà 10,000 márùn-ún, ó sì tún ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n ẹ má sáré dá pọ́ńdì lẹ́bi. Lórí pọ́ńdì ilẹ̀ tó jẹ́ mítà 20 sí mítà 10 ní àkùrọ̀, mìlímítà 5 yẹn kan náà jẹ́ lítà 1,000 lójúmọ́. Ẹni tó bá gbọ́ pé omi tó kún ojò dúdú onílítà 1,000 ti lọ láàárín àárọ̀ sí àárọ̀ á rò pé ilẹ̀ ya. Ilẹ̀ kò ya. Ojú omi ló fẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń rú àwọn ènìyàn lójú jù ni ti àsìkò. Wọ́n á ní omi kì í lọ nígbà òjò, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń lọ, ta ló wá tún kù bí kò ṣe òòrùn? Ó dùn-ún gbọ́ létí, àmọ́ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Orí àpáta àtijọ́ ni ilẹ̀ Ìbàdàn jókòó lé, inú ilẹ̀ rírọ̀ tó bo àpáta náà àti ojú ibi tí àpáta ti là ni omi abẹ́ ilẹ̀ wa wà. Ìdí nìyẹn tí kànga fi ń kún nígbà òjò, tó sì ń fà sẹ́yìn títí di oṣù Kejì àti oṣù Kẹta. Bí omi abẹ́ ilẹ̀ bá ga, kì í jẹ́ kí omi pọ́ńdì ilẹ̀ rí ọ̀nà lọ, ó tilẹ̀ lè máa sun wọ inú rẹ̀. Bí ó bá lọ sílẹ̀, omi pọ́ńdì á máa tẹ̀lé e. Òjò fúnra rẹ̀ sì ń bo àṣírí: ohun tó bá jò lóru, òjò ọ̀sán á dá a padà, ojú kò ní rí i. Ẹ̀ẹ̀rùn tó ń mú kí òòrùn fa omi náà ló ń mú kí ilẹ̀ mu ún, nítorí náà àsìkò nìkan kò lè sọ fún wa èwo nínú àwọn méjèèjì ló gbé e. Irú ilẹ̀ tún wà níbẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìwé ìtọ́nisọ́nà tí FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, ṣe fún àwọn olùsìn ẹja ti wí, ilẹ̀ amọ̀ kì í sábà mu ju nǹkan bíi mìlímítà 10 lójúmọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ iyanrìn lè mu 25, ó sì lè mu 250.

Garawa ni yóò ya òòrùn sọ́tọ̀ kúrò lára ilẹ̀. Àwọn tó ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́ nílé ní Amẹ́ríkà ti ń lò ó tipẹ́, òtẹ́ẹ̀lì tó bá ní adágún ní Ìbàdàn lè lò ó bákan náà. Ẹ gbé garawa lé orí búlọ́ọ̀kù nínú pọ́ńdì, kí ẹnu rẹ̀ yọ díẹ̀ sókè omi. Ẹ kó òkúta sínú rẹ̀ kó má bàa léfòó, kí ẹ wá bu omi sí i títí tí inú yóò fi bá ìta dọ́gba. Ẹ sàmì sí ara garawa nínú àti lóde, ẹ ti omi tó ń wọlé pa, ẹ má sì bu omi jáde. Lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ fi rúlà wo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti lọ sílẹ̀ tó. Òòrùn kan náà ló ràn sórí àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n omi inú garawa kò ní ilẹ̀ tí yóò mu ún tàbí páìpù tí yóò gbé e jáde. Bí wọ́n bá lọ sílẹ̀ dọ́gba, ẹ fi bíríkìlà sílẹ̀. Bí ti ìta bá fi sẹ̀ntímítà lọ jù, pọ́ńdì ń jò.

Ẹni tó bá ń ronú jinlẹ̀ lè sọ pé garawa kì í ṣe pọ́ńdì: etí rẹ̀ ń dí afẹ́fẹ́, ó sì ń ṣíji bo omi inú rẹ̀. Òótọ́ ni. Omi inú garawa lè fi díẹ̀ kéré sí ti ìta ní gbígbẹ, nítorí náà ìyàtọ̀ mìlímítà kan tàbí méjì kì í ṣe ẹ̀rí pé pọ́ńdì ń jò. Ẹja àrọ̀ sì máa ń fọ́n omi ká bí wọ́n bá ń jẹun, nítorí náà kí ẹ ta nẹ́ẹ̀tì bo garawa, kí ẹ sì tún un wọ̀n fún ọjọ́ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ohun tó ń gbé lítà 300 lójúmọ́ nínú pọ́ńdì kékeré kì í ṣe ti mìlímítà kan tàbí méjì; sẹ̀ntímítà méjì àti ààbọ̀ ni, ọmọdé á rí i lára rúlà.

Bí ó bá ti hàn pé pọ́ńdì ń jò, a kò tíì dé ibi tí a ó ti po sìmẹ́ǹtì. Ẹ jẹ́ kí omi máa lọ sílẹ̀ bí ẹja bá ṣì lè gbà á, kí ẹ sì máa wo ibi tí yóò dúró sí. Ibi tó bá dúró sí, ibẹ̀ tàbí òkè rẹ̀ díẹ̀ ni ihò wà. Bí kò bá dúró, ilẹ̀ pọ́ńdì tàbí páìpù ìjáde omi lẹ ó kọ́kọ́ fura sí, pàápàá etí ibi tí páìpù ti gba inú kọnkéré kọjá, nítorí rọ́bà àti sìmẹ́ǹtì kì í di ara wọn mú dáadáa. Ẹ gbé abọ́ gbígbẹ sábẹ́ ẹnu páìpù náà lálẹ́, kí ẹ wò ó láàárọ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti kó ẹja, tí omi sì pa rọ́rọ́, ẹ fi síríǹjì tú búlúù ìfọṣọ díẹ̀ síbi tí ẹ fura sí. Bí ògiri bá ń fa àwọ̀ náà wọlé, ibẹ̀ ni. Ti pọ́ńdì ilẹ̀ gba kí a rìn yí ẹ̀yìn bèbè ká ní kùtùkùtù. Ibi tí koríko ti tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí ìyókù ti gbẹ, ihò akàn, gbòǹgbò igi tó ti jẹrà àti ibi tí ikán ti gbẹ́lẹ̀ ni ká wò. Bí omi tó ń sun níbẹ̀ bá dà bí ẹrẹ̀, ẹ má fòní dọ́la, nítorí ó ń kó iyẹ̀pẹ̀ bèbè lọ díẹ̀díẹ̀, bèbè náà sì lè já nígbà òjò.

Àwọn olùsìn ẹja kan á ní owó oúnjẹ ẹja ló ń pa wọ́n, pé omi kì í ṣe nǹkan. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Oúnjẹ ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú ìnáwó lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí omi bá ti kéré, ìdọ̀tí ẹja á ki nínú rẹ̀, ẹja á dín jíjẹ kù, oúnjẹ olówó ńlá á sì jẹrà sísàlẹ̀. Àwọn mìíràn á ní ṣebí àwọn ń pààrọ̀ omi tẹ́lẹ̀, jíjò ti bá wọn ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀. Rárá o. Ẹni tó ń pààrọ̀ omi ló ń yan ọjọ́, ó sì ń tú omi ìsàlẹ̀ tó dọ̀tí dànù. Ihò kì í yan ọjọ́, ọjọ́ tí epo bá wọ́n gan-an ló máa ń dunni jù. Kí ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tó dé, lítà bẹntiróòlù kan kò tó 200 náírà; láàárín ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n kéde pé ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ó ti sún mọ́ 500 tàbí kó kọjá rẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ fa omi sínú pọ́ńdì tó ń jò, agbọ̀n ló ń pọn omi sí.

N kò bá àwọn bíríkìlà jà. Ibi tí a bá ní kí wọ́n rẹ́ ni wọ́n ń rẹ́, a kì í sì í sọ fún wọn ju pé omi ń lọ. Àwọn tó ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ ni mo ń bẹ̀, àjọ OYSADA ti ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ọ̀sìn ẹja ní Yunifásítì Ìbàdàn: bí ẹ bá ń kọ́ni nípa oúnjẹ àti àìsàn ẹja, ẹ fi garawa àti rúlà kún un. Ìwọ olùsìn ẹja ní tìrẹ, gbé garawa sínú pọ́ńdì ní ìrọ̀lẹ́ òní, kí o sì kọ ohun tí o bá rí ní ìrọ̀lẹ́ ọ̀la sínú ìwé kí o tó pe ẹnikẹ́ni.