Ẹni Tí A Ṣẹ́gun Kò Parẹ́ Lára Òkúta Aṣẹ́gun

Láti ayébáyé ni ọba tí ó bá ti ojú ogun bọ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́gun ti máa ń wá ọ̀nà tí òkìkí rẹ̀ kò fi ní bá a wọ inú ilẹ̀ lọ. Bí àwọn kan ti ń kó akéwì àti onírárà jọ kí wọ́n máa ki àwọn ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn ń ké sí àwọn oníṣẹ́-ọnà tí ó mọ òkúta fín, pé kí wọ́n gbẹ́ ogun náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹni tí kò mọ̀wé kà pàápàá lè fi ojú ara rẹ̀ rí bí ọ̀tá ti ṣubú. Èrò tèmi ni pé iṣẹ́ tí àwọn ọba wọ̀nyí rán òkúta kọ́ ni òkúta jẹ́. Ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ṣẹ̀sín títí ayé ni ojú rẹ̀ ṣì mọ́ kedere níbẹ̀. Ẹni tí ó sanwó iṣẹ́ ni ìgbà gbá lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo òpó Trajan ní ìlú Róòmù. Késárì Trajan bá àwọn ará Dacia, tí ilẹ̀ wọn wà ní ibi tí à ń pè ní Ròmáníà lónìí, jà lẹ́ẹ̀mejì, láti ọdún 101 sí 102, àti láti ọdún 105 sí 106. Nígbà tí ó sì di ọdún 113, a ṣí òpó òkúta mábù kan tí ó ga tó nǹkan bí 30 mítà, tí àwòrán fífín lọ́ mọ́ láti ìsàlẹ̀ dé òkè bí ìgbà tí erè bá lọ́ mọ́ igi. Ìgbà 23 ni àwòrán náà yí òpó ká. Bí ó bá ṣeé tú kalẹ̀, gígùn rẹ̀ yóò tó 200 mítà, àwọn ènìyàn tí a fín sí i sì lé ní 2,600. Ẹni tí ó bá rò pé ìjà nìkan ni òun yóò bá níbẹ̀, ẹnu yóò yà á, nítorí pé iṣẹ́ ni ó pọ̀ jù: àwọn ọmọ-ogun ń gé igi, wọ́n ń mọ odi, wọ́n ń to ọkọ̀ ojú omi pọ̀ ṣe afárá, ọba ń rúbọ, ó ń bá àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀, odò Danube fúnra rẹ̀ di bàbá arúgbó onírùngbọ̀n tí ó yọrí láti inú omi, tí ó ń wo bí ogun Róòmù ti ń ré òun kọjá. Láàárín ogun kìíní àti èkejì, òrìṣà ìṣẹ́gun dúró, ó ń kọ̀wé sí ara asà, kí olùwòran lè mọ̀ pé ìtàn kan parí, òmíràn sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Trajan hàn lára òpó náà ju ìgbà 50 lọ, kò sì sí ibì kan tí ọkàn rẹ̀ ti pòruurù. Ṣùgbọ́n ta ni í ti ojú ogun bọ̀ tí yóò máa yangàn pé arọ ni òun dá lẹ́sẹ̀? Bí ìṣẹ́gun yóò bá tóbi, ẹni tí a ṣẹ́gun kò gbọdọ̀ kéré. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó fín òpó náà fi fara balẹ̀ sí ọ̀ràn àwọn ará Dacia, tí wọ́n fín fìlà àwọn ọlọ́lá wọn, idà wọn tí ó tẹ̀ lẹ́nu, ọ̀págun wọn tí ó ní orí ìkookò, àti odi ìlú wọn. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ìtàn náà parí lókè, Decebalus ọba wọn wà lórí ìkúnlẹ̀ lábẹ́ igi. Àwọn ẹlẹ́ṣin Róòmù ti ká a mọ́, ọwọ́ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ó ti gbé abẹ sí ọrùn ara rẹ̀, nítorí pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Bí a bá perí akọni, a ó fi idà lalẹ̀. Irin tí a fi ń fín òkúta ni àwọn ọ̀tá Decebalus fi lalẹ̀ fún un.

Kí ni ó wá kù? Trajan kọ ìwé nípa ogun náà, ṣùgbọ́n ìwé ọ̀hún ti sọnù, àfi ọ̀rọ̀ díẹ̀ péré. Ère rẹ̀ tí ó wà ní téńté òpó kò sí mọ́. Ní ọdún 1587 ni Póòpù Sixtus Karùn-ún gbé ère Pétérù Mímọ́ sí ipò rẹ̀. Decebalus kò kúrò lábẹ́ igi tirẹ̀. Ní Bucharest, olú-ìlú Ròmáníà, wọ́n ti da ẹ̀dà gbogbo àwòrán òpó náà, wọ́n sì kó o sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè wọn, kí ará ilé lè wo ojú baba ńlá rẹ̀ ní ìtòsí. Òpó tí a gbé ró láti fi dín wọn kù ni ó di ẹ̀rí fún wọn.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Róòmù ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú ní Nínéfè, olú-ìlú Ásíríà. Àwọn tí ó ń ka Bíbélì mọ Senakéríbù ọba Ásíríà, ẹni tí ó gbógun gòkè wá sí Júdà ní ayé ọba Hesekáyà, ní ọdún 701 ṣáájú ìbí Jésù. Ó kó ọ̀pọ̀ ìlú olódi, ṣùgbọ́n kò rí Jerúsálẹ́mù kó. Nígbà tí ó sì padà dé ilé, Lákíṣì, ìlú tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀, ni ó gbẹ́ kún ògiri yàrá kan nínú ààfin rẹ̀, kí ojú má baà lọ sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó. Ìwé Mímọ́ kàn dárúkọ Lákíṣì kọjá nínú ìròyìn ogun yìí ni. Ògiri ọ̀tá ni ó sọ bí ìlú náà ti fi ara gbá a: bí àwọn tafàtafà àti oníkànnàkànnà ti tò, bí a ti mọ òkìtì gòkè lọ bá odi, bí àwọn ará ìlú ti ń ju iná àti òkúta sílẹ̀ láti orí odi, tí àwọn ọmọ-ogun Ásíríà sì ń bu omi lé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kan ògiri kí ó má baà jóná. Lẹ́yìn náà ni àwọn tí ó ṣẹ́kù jáde láti ẹnubodè, àwọn mìíràn pẹ̀lú ẹrù ní èjìká, obìnrin àti ọmọdé nínú kẹ̀kẹ́ tí màlúù ń fà, tí a sì fi igi gún àwọn ọkùnrin kan dúró ní gbangba. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti wa ilẹ̀ Lákíṣì, wọ́n bá òkìtì náà níbẹ̀, wọ́n sì rí orí ọfà àti òkúta kànnàkànnà ṣà.

Ẹni tí ó bá dé British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwọn òkúta náà wà, yóò rí Senakéríbù lórí ìtẹ́ tí ó ń wo ìkógun tí ń kọjá níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n a ti ha ojú rẹ̀ dànù, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé nígbà tí Nínéfè ṣubú ní ọdún 612 ṣáájú ìbí Jésù ni àwọn ọ̀tá ṣe é. Àwọn ìyá ọlọ́mọ Lákíṣì ní ojú. Ọba tí ó kó wọn lẹ́rú kò ní.

Ní ayé tí ó súnmọ́ tiwa, aṣọ ni àwọn ará Normandy fi ṣe tiwọn. William olórí wọn kọjá òkun wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1066, ó ṣẹ́gun Harold ọba ní Hastings, Harold kú sójú ogun, William sì gba adé. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni a fi òwú irun àgùntàn aláràbarà ṣe ọnà ogun yìí sí ara aṣọ ọ̀gbọ̀ tí gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 70 mítà, tí gbogbo ayé ń fi orúkọ ìlú Bayeux ní ilẹ̀ Faransé pè. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé Bíṣọ́ọ̀bù Odo, ìyekan William, ni ó bẹ iṣẹ́ náà, àti pé ọwọ́ àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a ṣẹ́gun ni ó rán an. Ẹjọ́ tí aṣọ náà ń rò ni pé Harold da ìbúra tí ó ṣe fún William. Síbẹ̀ aṣọ kan náà fi Harold hàn bí ó ti ń fa àwọn ọmọ-ogun Normandy yọ nínú yanrìn tí ó fẹ́ gbé wọn mì. Ó gbé e ka orí ìtẹ́, ó sì pè é ní ọba. Ó tún fi obìnrin kan hàn, tí ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, bí àwọn aṣẹ́gun ti ń ti iná bọ ilé. Ìparí aṣọ náà ti já sọnù. Ọ̀pọ̀ rò pé ìgbadé William ni ó wà níbẹ̀. Ibi tí ó parí sí lónìí ni ikú Harold àti bí àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ń sá lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àánú ni ó bí gbogbo èyí. Lára òpó Trajan kan náà, àwọn ọmọ-ogun ń gbé orí ènìyàn tí wọ́n gé wá síwájú Késárì láti gba ìyìn. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹni tí ó bá sì wo irú àwòrán bẹ́ẹ̀ tí ó gba gbogbo rẹ̀ gbọ́, ẹjọ́ ẹnìkan ni ó gbọ́. Ó yẹ kí a béèrè ìlú tí kò sí lára ògiri, kí a wo ọwọ́ ẹni tí ó kúnlẹ̀, kí a wo ẹni tí ó ru ẹrù, nítorí pé ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà tí à ń gbé ère jagunjagun sí oríta ìlú. Ogun Kírìjí tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1877, Ìbàdàn lápá kan, Èkìtì Parapọ̀ lápá kejì, ọmọ Yorùbá ni ó yìnbọn, ọmọ Yorùbá ni ìbọn bà. Akọni kan ṣoṣo tí ó na idà sókè kò lè sọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ tán. Bí ìjọba tàbí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú kan bá fẹ́ náwó sí i, kí wọ́n gbẹ́ alágbẹ̀dẹ àti aláàárù, kí wọ́n gbẹ́ àwọn tí ó ṣe ìpẹ̀tù títí a fi tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní ọdún 1886. Àti pé kí irin tó kan òkúta, kí wọ́n kọ́kọ́ pe àwọn ọmọ ẹni tí ó wà ní òdìkejì, kí àwọn náà wá sọ bí ogun ti rí ní ìhà tiwọn.