Ẹ̀yin òbí tó wà l'Amẹ́ríkà, ẹ má fojú kékeré wo kíláàsì ìṣirò tí wọ́n bá pín ọmọ yín sí

Lọ́dọọdún, nígbà tí sáà ẹ̀kọ́ bá ń lọ sópin, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ l'Amẹ́ríkà máa ń fi ìwé pélébé kan ránṣẹ́ sílé àwọn ọmọ tó ń múra láti bọ́ sí middle school, ìyẹn ilé ẹ̀kọ́ tó wà láàárín alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama. Ohun tó wà nínú ìwé náà kò ju ìlà mélòó kan lọ: kíláàsì ìṣirò báyìí ni a pín ọmọ yín sí fún ọdún tó ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn wa tó wà lọ́hùn-ún ni yóò kà á, tí wọn yóò fi há ara fíríìjì, tí wọn yóò sì gba ibi iṣẹ́ lọ. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́fà tàbí méje ọmọ wọn ni wọ́n fi há ara fíríìjì yẹn.

Ẹ̀bi wọn kọ́. Nígbà tí àwọn òbí wọ̀nyí ń lọ sílé ìwé nílé níbí, kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti kúrò ní Primary Six tó bọ́ sí JSS 1, ìṣirò kan náà ni gbogbo kíláàsì ń ṣe, ọmọ tó mọ̀wé àti ọmọ tí kò tíì mọ̀ ọ́n, ìwé kan náà ni wọ́n jọ ń kà. Ó di SS 1 kí wọ́n tó pín wọn sí sáyẹ́ǹsì, àáàtì àti ìṣòwò. Síbẹ̀ náà, ìṣirò kan náà ni gbogbo wọn yóò bá pàdé nínú ìdánwò WAEC, àfi àwọn díẹ̀ tó bá fi Further Mathematics kún un. Ẹni tó gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kọjá, báwo ni ọkàn rẹ̀ yóò ṣe lọ síbẹ̀ pé wọ́n lè ya ọ̀nà sọ́tọ̀ fún ọmọ ọdún 11?

Bí ọ̀nà náà ṣe yà nìyí. Àkàbà ni ìṣirò girama l'Amẹ́ríkà. Algebra I ni ẹsẹ̀ àkọ́kọ́, Geometry ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Algebra II, lẹ́yìn náà Precalculus, kó tó wáá kan Calculus. Ọdún kọ̀ọ̀kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà. Ọmọ tó bá ṣe Algebra I ní kíláàsì kẹjọ, yóò kan Calculus ní kíláàsì kejìlá. Èyí tó bá di kíláàsì kẹsàn-án kó tó bẹ̀rẹ̀, ibi Precalculus ni girama yóò parí sí fún un. Kò sí ẹni tí yóò sọ fún un pé kò lè ṣe ẹnjiníà o. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó bá ń wá àyè ní yunifásítì tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń du, àwọn tó ti ṣe Calculus ni yóò bá lórí ìlà. Ọ̀nà ẹ̀bùrú wà, nítorí àwọn mìíràn máa ń ṣe ìṣirò méjì pọ̀ lọ́dún kan, tàbí kí wọ́n lo ọlidé fún un, ṣùgbọ́n owó àti wàhálà ni. Tí ẹ bá wáá ka ọdún padà sẹ́yìn, ẹ óo rí i pé ọmọ tí yóò ṣe Algebra I ní kíláàsì kẹjọ ti gbọ́dọ̀ wà nínú kíláàsì tó ń yára láti kẹfà tàbí keje, níbi tí wọ́n ti ń fi ọdún méjì kọ́ iṣẹ́ ọdún mẹ́ta.

Ta ló wá ń pín wọn? Níbi púpọ̀, máàkì ìdánwò ni wọ́n ń wò, pẹ̀lú ohun tí olùkọ́ bá sọ nípa ọmọ náà. Ibi ohun tí olùkọ́ sọ yìí ni nǹkan ti máa ń wọ́. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ ti ń jà lórí rẹ̀. Robert Moses, ẹni tó jà fún ẹ̀tọ́ ìdìbò àwọn èèyàn rẹ̀ ní Mississippi ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, tó sì tún ṣe olùkọ́ ìṣirò ní Tanzania, ní ọmọbìnrin kan tó wọ kíláàsì kẹjọ ní Cambridge, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, lọ́dún 1982. Ilé ẹ̀kọ́ náà kò ní algebra. Bàbá náà wọ kíláàsì fúnra rẹ̀, ó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ. Ibẹ̀ ni Algebra Project ti bẹ̀rẹ̀, títí tí Moses fi kú ní 2021 ló sì ń sọ pé ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú ni algebra jẹ́, gẹ́gẹ́ bí ìbò ṣe jẹ́ ẹ̀tọ́.

Nígbà tó yá, àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ gbọ́. Ní 2018, North Carolina ṣòfin pé ọmọ tó bá gba máàkì tó ga jù lọ nínú ìdánwò ìṣirò, kí wọ́n fi sínú kíláàsì tó ga, kò dọwọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ní 2019, àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní Dallas náà bẹ̀rẹ̀ irú ètò bẹ́ẹ̀. Kó tó di ìgbà náà, àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú tó ń ṣe Algebra I ní kíláàsì kẹjọ níbẹ̀ kò tó 20 nínú 100. Láàárín ọdún mélòó kan, wọ́n ti lé ní 40. Ọpọlọ àwọn ọmọ náà kò yí padà láàárín ìgbà yẹn, ẹnu ọ̀nà ló ṣí. Ní 2023, gbogbo Texas sọ ọ́ dòfin: ọmọ tó bá wà lára ìdá 40 nínú 100 tó ṣe dáadáa jù nínú ìdánwò ìṣirò kíláàsì karùn-ún, kí wọ́n fi sínú kíláàsì tó ga ní kẹfà, àyàfi tí òbí rẹ̀ bá ní òun kò fẹ́. Ẹ sì mọ bí àwọn ọmọ Yorùbá ṣe pọ̀ tó ní Houston àti Dallas.

San Francisco gba ọ̀nà mìíràn ní tirẹ̀. Ní 2014, wọ́n yọ algebra kúrò ní kíláàsì kẹjọ, wọ́n ní kí gbogbo ọmọ dúró di kẹsàn-án, kí wọ́n má baà máa ya olówó sọ́tọ̀ kúrò lára tálákà. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n olówó ń sanwó kí ọmọ rẹ̀ lọ ṣe é níta, ọmọ tálákà ló dúró. Ní oṣù kejì 2024, ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ dìbò pé kí algebra padà wá, nígbà tó sì di oṣù kẹta, ó lé ní 80 nínú 100 àwọn olùdìbò ìlú náà tó ní ohun tí àwọn ń fẹ́ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Àwọn kan wà nínú wa tí wàhálà tiwọn kì í ṣe àìbéèrè. Àwọn wọ̀nyí yóò ti ọmọ wọ kíláàsì tó ju agbára rẹ̀ lọ nítorí kí wọ́n lè ròyìn rẹ̀ lóde àríyá. Ọmọ tí kò tíì mọ ìṣirò ìdá dáadáa yóò rì nínú algebra ni, nítorí ìdá ló kún inú rẹ̀. Ẹ lè fi ohun kékeré dán an wò ní ilé ìdáná: tí a bá fẹ́ pín òróró tó kún ìdajì ìgò sínú àwọn ìgò kéékèèké, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ ìdámẹ́jọ ìgò ńlá náà, ìgò kékeré mélòó ni yóò kún? Tí ọmọ bá ní mẹ́rin, ẹ ní kó ṣàlàyé. Èyí tó bá lè ṣàlàyé ti múra. Èyí tó kàn sọ pé ohun tí tíṣà ní kí àwọn máa ṣe nìyẹn, ó kù díẹ̀ káàtó, bí máàkì rẹ̀ tilẹ̀ ga.

Ẹ tún wo orúkọ kíláàsì náà dáadáa. Kì í ṣe gbogbo ibi tí wọ́n bá ti kọ "honors" ni ọ̀nà ti já sí algebra. Ìbéèrè tó yẹ kí òbí kọ ránṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ ni pé: ṣé kíláàsì yìí ni yóò gbé ọmọ mi dé Algebra I ní kíláàsì kẹjọ? Tí wọ́n bá ní rárá, kí ó béèrè ohun tí wọ́n fi pín in, máàkì tí ọmọ gbà, àti ọjọ́ tí ààyè àtúnyẹ̀wò yóò ti pa. Tí wọ́n bá sì ní bẹ́ẹ̀ ni, kí ó béèrè bóyá ńṣe ni wọ́n ń sáré kọ́ gbogbo iṣẹ́ náà, tàbí ńṣe ni wọ́n ń fo apá kan. Èyí tí wọ́n bá fò, inú ilé ni ọmọ yóò ti kọ́ ọ.

A kì í fẹ́ bá tíṣà jiyàn nílé wa, ẹ̀kọ́ ilé ni. Lọ́dọ̀ tiwọn, òbí tó béèrè kò ṣe àfojúdi, òbí tó dákẹ́ ni wọ́n máa ń rò pé ó ti fara mọ́ ọn. Ẹ̀yin tó wà ní Texas ní tiyín, bí wọ́n bá gbé fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń yọ ọmọ kúrò nínú kíláàsì tó ga wá fún yín láti buwọ́ lù, ẹ fi bíírò sílẹ̀ ná, kí ẹ kọ́kọ́ pe ọmọ náà sọ́dọ̀, kí ẹ bi í bí ìṣirò ṣe ń lọ sí.