Ọ̀rọ̀ Akọ̀wé Wa Tí Àárẹ̀ Kò Fi Sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a fẹ́ sọ kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó pé. Àwọn kan láàárín wa ti dá a lábàá pé kí a yọ akọ̀wé ẹ̀ka wa kúrò ní ipò rẹ̀, nítorí pé ó ń tòògbé ní ìpàdé, àti pé àkọsílẹ̀ a máa pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A kò fara mọ́ àbá náà. Akọ̀wé fúnra rẹ̀ ni ó yọ̀ǹda kí a sọ ìdí rẹ̀ níhìn-ín.

Àìsàn èémí tí ń dá lójú oorun ni ó ń ṣe é. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá sùn, ẹran ọ̀fun rẹ̀ á rọ̀, á sì dí ọ̀nà atẹ́gùn. Èémí á dá fún ìṣẹ́jú àáyá 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọpọlọ á ta á jí díẹ̀, á mí gúlegúle, á tún sùn padà. Ẹni tí èyí bá ń ṣe ní ìgbà 30 láàárín wákàtí kan, tirẹ̀ ti le. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kò ní rántí ọ̀kankan. Ìyàwó rẹ̀ tí híhanrun kò jẹ́ kí ó sùn ni yóò máa ròyìn.

Wọ́n ti fún un ní ẹ̀rọ CPAP, irú èyí tí Colin Sullivan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sydney, ní ilẹ̀ Australia, gbé jáde fún aráyé ní 1981. Ẹ̀rọ náà ń fẹ́ atẹ́gùn gba inú ìbomú wọ ọ̀fun kí ọ̀nà má baà dí. Híhanrun ti lọ. Ṣùgbọ́n ó di oṣù mẹ́jọ báyìí, ọkùnrin náà ṣì ń jí bí ẹni tí ó fi gbogbo òru roko. Àwọn kan ní ọ̀lẹ ni. Àwọn kan ní ayé ni ó ń bá a jà. Àwọn mìíràn ní kí ó ta ẹ̀rọ náà, nítorí pé kò ṣiṣẹ́.

Ìmọ̀ràn ìkẹyìn yìí ni ó bà wá lẹ́rù jù. Ọkùnrin yìí ń wa ọkọ̀ lọ sí Kàdúná. Bí ó bá ta ẹ̀rọ, èémí yóò tún máa dá lóru, òògbé yóò sì bá a lórí ìjókòó awakọ̀. Bó ti wà yìí gan-an, ọjọ́ tí ojú bá ń kún un, kí ó fi ọkọ̀ sílẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí a bi í ni pé, wákàtí mélòó ni ẹ̀rọ náà ń bá a ṣiṣẹ́ lóru? Ẹ̀rọ yìí a máa ṣe àkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀, dókítà sì ti yẹ̀ ẹ́ wò: wákàtí mẹ́ta àti díẹ̀ ni. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Bí iná mànàmáná bá lọ ní aago kan òru, ẹ̀rọ á kú, á bọ́ ìbomú, á sì sun ìyókù bí ó ti ń sùn tẹ́lẹ̀. Wákàtí mẹ́rin ni ọ̀pọ̀ oníṣègùn kà sí èyí tó kéré jù, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn wà tí ara wọn kì í yá àfi bí wọ́n bá lò ó tó mẹ́fà tàbí méje. Eruku ọyẹ́ tún wà níbẹ̀: ó ń dí asẹ́ ẹ̀rọ, imú á gbẹ, ènìyàn á sì fa ìbomú sọnù láìmọ̀. Ìbomú tí ń jò náà kò wúlò.

Bí gbogbo èyí bá tọ́ tí àárẹ̀ kò lọ, ó yẹ kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò bóyá kò tó, kí a wo àtọ̀gbẹ, kí a wo thyroid tí ó wà lọ́rùn, kí a sì bèèrè nípa ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti oògùn tí ó ń lò, nítorí oògùn ọ̀fìnkìn mìíràn ń kunni lóorun. Àwọn kan sì wà tí ohun gbogbo tọ́ fún, tí òògbé kò tán síbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n fọwọ́ sí oògùn modafinil fún irú wọn ní 2004, pẹ̀lú ẹ̀rọ, kì í ṣe dípò rẹ̀. Dókítà ni ó lè fúnni, kì í ṣe oní-kẹ́míìsì Sábó. Gbànjá tí a ń kó wá láti Ṣàgámù lè lé oorun fún wákàtí díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ lálẹ́ ń ba oorun òru ara rẹ̀ jẹ́ ni. (Ìpàdé tí a sì ń ṣe lẹ́yìn iyán ọjọ́ Àìkú, ta ni kì í tòògbé níbẹ̀?)

Nítorí náà, a ó dìbò lòdì sí àbá náà. Kí igbákejì akọ̀wé máa kọ àkọsílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, kí akọ̀wé padà lọ bá dókítà rẹ̀, kí ẹ̀ka sì ra bátìrì tí yóò gbé ẹ̀rọ náà di òwúrọ̀. Bí ó bá pa apá tí ń gbé omi gbóná, bátìrì á pẹ́ sí i. Ẹni mẹ́ta ti ṣèlérí owó. Ẹni tí ó bá fẹ́ kún un, kí ó rí akápò kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀.