Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà

Bí àlejò bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Òṣòdì ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, kì í ṣe ohùn ẹnì kan ni yóò kọ́kọ́ gbọ́, bí kò ṣe ohùn ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn agbèrò ń pe Mile 2, wọ́n ń pe Ìyánà-Ìpájà, wọ́n ń pe Ìkòròdú. Ẹni tí ń ta omi tútù ń kígbe, ẹni tí ń ta bàtà ń kígbe. Oníṣòwò tuntun tí ó bá gbé àtẹ kékeré wá sí àárín ariwo yìí, tí ó sì ń polówó ohun kan náà tí ọgọ́rùn-ún ènìyàn ń polówó, yóò ké títí ohùn rẹ̀ yóò fi há, àtẹ rẹ̀ kò sì ní fúyẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá yà sí inú àdúgbò, ní Máfolúkù tàbí Ṣógunlé, tí ó fi etí sí ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ń wá tí wọn kò rí rà, tí ó sì gbé e dé ẹnu ọ̀nà wọn, òun ni wọn yóò máa bèèrè ní orúkọ. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọ̀dọ́ wa tí ń kọ̀wé sí orí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, ó sì kan èdè wa àti ìlú wa pẹ̀lú wọn. Ẹni tí ó bá ń wá ohun kan ní ayé ìsinsìnyí kì í sábà dúró bèèrè lọ́wọ́ àgbà àdúgbò mọ́. Fóònù ọwọ́ rẹ̀ ni ó ń bi léèrè. Yóò tẹ ọ̀rọ̀ mélòó kan sí Google, ẹ̀rọ náà yóò sì to àwọn ojú-ewé tí ó rò pé wọ́n bá ìbéèrè náà mu sílẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀ wọ̀nyí ni a ń pè ní ọ̀rọ̀ ìwárí. Ojú-ewé tí ó bá wà ní òkè ni a ń kà; èyí tí ó bá wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá dà bí ìwé tí a tẹ̀ tán tí a sì tì mọ́ inú àpótí.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó ti gba ọwọ́ wa kọjá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí ó ń gbé ní Ìsọlọ̀ nísinsìnyí, dá irú ojú-ewé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ọdún kan gbáko ni ó fi ń kọ̀wé nípa ìròyìn Nàìjíríà, nípa bọ́ọ̀lù àti nípa bí a ti í di olówó. Gírámà rẹ̀ kò ní àbùkù, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ nìkan ni ń kà á. Ó wá bá wa pẹ̀lú ìrẹ̀wẹ̀sì, ó ní òun fẹ́ pa á tì. A bi í pé, “Kí ni àwọn ènìyàn máa ń bi ọ́ bí wọ́n bá gbọ́ pé Ìsọlọ̀ ni o ń gbé?” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọjà Aswani ni, ọjà ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí wọ́n ti ń ta òkìrìkà: aago mélòó ni kí àwọn dé ibẹ̀, ibo ni kí àwọn ti sọ̀ kalẹ̀, báwo ni àwọn yóò ṣe mọ aṣọ tí ó dára nínú ìdì. A ní, “Ǹjẹ́ o ti kọ ọ́ rí?” Kò kọ ọ́ rí. Ó rò pé ohun tí gbogbo ará Ìsọlọ̀ mọ̀ kò yẹ ní kíkọ. Ó fi ọjọ́ Ìṣẹ́gun mẹ́ta rin ọjà náà já, ó sì kọ ọ́ pẹ̀lú sùúrù. Kí oṣù mẹ́rin tó pé, àwọn tí kò mọ̀ rí ní Ìbàdàn àti Ṣàgámù ń kọ ìwé ọpẹ́ sí i.

Ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ní ọdún 1998 ni Larry Page àti Sergey Brin, akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, dá ilé iṣẹ́ Google sílẹ̀. Ìpìlẹ̀ ọgbọ́n wọn ni pé ojú-ewé tí àwọn ojú-ewé mìíràn ń tọ́ka sí ni ó yẹ kí a kà kún, pàápàá bí àwọn tí ń tọ́ka sí i bá jẹ́ ẹni iyì fúnra wọn. Ẹ̀yin ìjòyè yóò rí i pé ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì sí wa: ẹni tí àwọn ẹni iyì bá jẹ́rìí sí ni ìlú ń fi joyè. Google ti fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ òṣùwọ̀n mìíràn kún un láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rí kò tíì kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìwé ìròyìn ńlá tí ó ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ogún ọdún ní ẹlẹ́rìí lọ́tùn-ún lósì. Ojú-ewé tí a dá sílẹ̀ ní àná kò ní ẹyọ kan. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Nítorí náà, ìwà àìlọ́gbọ́n ni kí ọmọdé lọ bá àgbà du ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ń du.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè ènìyàn kò lópin. Ní ọdún 2004, Chris Anderson kọ àròkọ kan sínú ìwé ìròyìn Wired ní Amẹ́ríkà, nínú èyí tí ó fi hàn pé ọjà tí ó tà púpọ̀ kò pọ̀ ní iye, ṣùgbọ́n ọ̀kẹ́ àìmọye ọjà ni ó ń tà díẹ̀díẹ̀, àti pé bí a bá kó díẹ̀díẹ̀ wọ̀nyí jọ, yóò di òkìtì. Ó pè é ní ìrù gígùn. Google fúnra rẹ̀ sì ti sọ léraléra pé nínú 100 ìbéèrè tí a ń tẹ̀ lójoojúmọ́, nǹkan bí 15 ni ó jẹ́ èyí tí òun kò rí rí. Nínú ìrù gígùn yìí ni oko àwọn òǹkọ̀wé kéékèèké wà.

Báwo ni ènìyàn ṣe lè rí oko náà? Etí ni ohun èlò kìíní. Kí ó gbọ́ ohun tí èrò ń bèèrè ní ibùdókọ̀, ohun tí ìyálọ́jà ń ráhùn sí, ohun tí òbí ń bi olùkọ́. Lẹ́yìn èyí, kí ó tẹ ìbẹ̀rẹ̀ ìbéèrè náà sí Google láì parí rẹ̀, kí ó sì wo bí ẹ̀rọ náà ti ń bá a parí rẹ̀, nítorí ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti bèèrè rí ni ó sábà fi ń parí rẹ̀. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni kí ó wo àwọn tí ó jókòó ní iwájú. Bí ó bá jẹ́ ìwé ìròyìn ńlá, ilé ìfowópamọ́ àti ilé iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n tò síbẹ̀, tí wọ́n sì dáhùn dáradára, kí ó kí wọn, kí ó sì kọjá. Ṣùgbọ́n bí ìdáhùn wọn bá ti gbó, tàbí tí wọ́n kàn fi ẹnu ba ọ̀rọ̀ náà lásán, ààyè wà níbẹ̀.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Ní oṣù kìíní ọdún 2016, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó wó ọjà Owónifáàrí ní Òṣòdì, wọ́n sì ní kí àwọn oníṣòwò ibẹ̀ kó lọ sí ọjà Ìsọ̀pákódowó ní Bọ́ládé. Àwọn ìwé ìròyìn ti sọ ti ìwólulẹ̀ náà ní àsọtúnsọ. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ó ti ń ra ọjà lọ́wọ́ oníbàárà rẹ̀ ní Owónifáàrí kò wá ìròyìn. Ibi tí oníbàárà náà kó lọ ni ó ń wá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ibùdókọ̀ ńlá tí a ṣí ní Òṣòdì ní oṣù kẹrin ọdún 2019. Ilé mẹ́ta ni ó ní. Èrò tí ó gbé ẹrù lórí kò bìkítà nípa ẹni tí ó wá ṣí i. Inú èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni òun yóò ti wọ ọkọ̀ Abúlé-Ẹ̀gbá ni ìbéèrè tirẹ̀. Ẹni tí ó bá lọ síbẹ̀, tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i, tí ó sì kọ ọ́ ní kedere, kò ní láti bẹ̀rù ìwé ìròyìn kankan.

Nígbà tí ojú-ewé náà bá ti dúró díẹ̀, Google ní àkọsílẹ̀ kan tí kò gba owó, tí a ń pè ní Search Console, tí ó ń fi àwọn ọ̀rọ̀ tí ènìyàn tẹ̀ kí wọ́n tó rí wa hàn. Níbẹ̀ ni a ti máa ń bá ìbéèrè tí a dáhùn ní ìdajì láìmọ̀. Kí a padà lọ dáhùn rẹ̀ tán. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn, bí Ahrefs, ń fi òǹkà láti 0 dé 100 díwọ̀n bí ìdíje ọ̀rọ̀ kan ti le tó. Òǹkà náà wúlò, ṣùgbọ́n iye àwọn tí ń tọ́ka sí àwọn tí ó wà ní iwájú ni a gbé e lé. Kò mọ̀ bóyá òtítọ́ ni wọ́n sọ. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé òdo ni èrè. Ibi tí kò sí òǹtajà, ó lè jẹ́ pé kò sí òǹrajà ni.

Àwọn ọ̀mọ̀wé kan yóò ní, “Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa kọ Gẹ̀ẹ́sì, ta ni ń ka Yorùbá?” A ti gbọ́ ìbéèrè yìí rí. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì kún ìlú Èkó: Lagos Weekly Record wà, Nigerian Pioneer wà, Daily Times sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1926. Síbẹ̀ Adéoyè Dẹ́nígà gbé Èkó Àkéte jáde ní ọdún 1922, E. A. Akíntàn gbé Ẹlẹ́tí-Ọfẹ jáde ní ọdún 1923, I. B. Thomas sì gbé Akéde Èkó jáde ní ọdún 1928. Nínú Akéde Èkó ni ìtàn Sẹ̀gilọlá ti jáde ní ọdún 1929 sí 1930, tí ará ìlú fi ń kọ lẹ́tà sí olóòtú bí ẹni pé obìnrin náà wà láàyè. Kì í ṣe pé àwọn ọkùnrin wọ̀nyí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n rí oko tí ẹnikẹ́ni kò ro tán, wọ́n sì gbé ọkọ́ lọ síbẹ̀. Oko náà wà síbẹ̀ lónìí, igbó sì ti ń bò ó.

Ìṣòro kan wà tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa kì í fi àmì sí orí ọ̀rọ̀ bí wọ́n bá ń tẹ̀wé lórí fóònù. Ẹni tí ń wá ọkọ̀ Òṣòdì yóò tẹ “oko Oshodi”, ẹ̀rọ kò sì ní mọ̀ bóyá oko ni ó fẹ́ dá ni, tàbí ọkọ ni ó fẹ́ fẹ́. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí òǹkọ̀wé kọ Yorùbá rẹ̀ pẹ̀lú àmì bí ó ti tọ́, ṣùgbọ́n kí ó rí i pé orúkọ ibi àti orúkọ ohun tí ó ń sọ wà nínú ìwé náà lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀nà tí ará ọjà ń gbà tẹ̀ ẹ́. Kí a kí àlejò ní ẹnu ọ̀nà ní èdè tí ó gbọ́ kò ba ilé jẹ́.

A sì gbọdọ̀ kìlọ̀ fún àwọn oníwàduwàdu. Àwọn kan ń fi ẹ̀rọ kọ ọgọ́rùn-ún ojú-ewé lóòjọ́ lórí ọ̀rọ̀ tí wọn kò mọ̀, kí wọ́n lè gba gbogbo àlàfo lẹ́ẹ̀kan náà. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, Google fi òfin lélẹ̀ lòdì sí irú ìkójọ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún náà kan náà ni òun tìkára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀rọ dáhùn ìbéèrè ní òkè gbogbo ojú-ewé, tí òǹkàwé mìíràn kò fi ní wọlé tọ òǹkọ̀wé wá mọ́. Àdánù ni èyí jẹ́ fún àwọn kéékèèké, a kò ní sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí a ti kọ sílẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ń kó jọ. Bí kò bá sí ẹni tí ó kọ òtítọ́ nípa Ìsọlọ̀, irọ́ ni yóò kó jọ, yóò sì fi ìgboyà sọ ọ́ fún àwọn ọmọ wa.

Èyí ni ó mú kí ọ̀rọ̀ náà kan ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin ọlọ́jọ́-orí. Ìtàn oyè Ọ̀sọlọ̀, ìdí tí a fi ń pe àdúgbò kan ní orúkọ rẹ̀, agboolé tí ó ni ojúbọ, ọjọ́ tí ọjà kọ̀ọ̀kan ń ná: lọ́wọ́ yín ni ìwọ̀nyí wà, ìbéèrè wọn kò sì ní olùdíje. Abèèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n bí kò bá sí olùdáhùn, ibo ni abèèrè yóò gbà?

Nítorí náà, a bẹ olúkúlùkù òǹkàwé wa ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ pé kí ó fi ìwé kékeré sí àpò fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ó sì kọ gbogbo ìbéèrè tí àlejò bá bi í nípa àdúgbò rẹ̀ sílẹ̀, bí wọ́n ti bi í gan-an. Kí ó pe ọmọ kan tí ó mọ ẹ̀rọ lò, kí wọ́n jùmọ̀ wo èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì dáhùn, kí bàbá sọ, kí ọmọ kọ. Bí ó bá jẹ́ ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n dáhùn dáradára nínú oṣù kan, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kékeré ni a ti ń pa ẹkan ìrókò.