Kì Í Ṣe Ẹ̀bi Afẹ́fẹ́

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí bàálù kékeré tí ẹgbẹ́ JETS fi fóòmù inú páálí tẹlifíṣọ̀n ṣe ti wà ní títì pa nínú kọ́bọ́ọ̀dù láàbù. Ó já lulẹ̀ nítòsí kíláàsì JSS 1. Kò ba ẹnikẹ́ni, ọpẹ́ ni. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ Òrè ti pọ̀ jù fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àbí ìjà Òrè la fẹ́ bá afẹ́fẹ́ jà ni?

Ọwọ́ mi ni rìmóòtù wà lọ́jọ́ náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an.

Nígbà tí a jù ú sókè, a kọ orí rẹ̀ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, bó ṣe yẹ. Ó gbéra wẹ́rẹ́, ẹ̀yin náà pàtẹ́wọ́. Ìgbà tí mo yí i padà, tí afẹ́fẹ́ wá wà lẹ́yìn rẹ̀, ló bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bí ọ̀kadà. Àyà mi já. Mo ní eré yìí ti pọ̀ jù, mo bá dín iná mọ́tò kù. Àṣìṣe mi nìyẹn.

Ìyẹ́ bàálù ò mọ ilẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ń gba ara rẹ̀ kọjá nìkan ló mọ̀. Ẹ wo ẹni tó ń rìn lọ síwájú nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ Benin. Lójú ẹni tó dúró létí títì, ṣe ló ń fò, bẹ́ẹ̀ ìṣísẹ̀ méjì mẹ́ta ló ń gbé. Eré tí mo rí yẹn, afẹ́fẹ́ ló ni púpọ̀ nínú ẹ̀. Bí mo ṣe dín iná kù, kò sí ohun tó gbé ìyẹ́ dúró mọ́. Ó dorí kọlẹ̀, gbàù! Mo sì ti dákẹ́ láti ọjọ́ yẹn, mo jẹ́ kí wọ́n máa bú afẹ́fẹ́.

Orville àti Wilbur Wright ò sá fún un. Wọ́n kúrò ní Dayton lọ sí Kitty Hawk létí òkun nítorí pé afẹ́fẹ́ ń fẹ́ dáadáa níbẹ̀. Ní December 17, 1903, ojú afẹ́fẹ́ ni wọ́n kọ orí bàálù wọn sí, ó sì lo ìṣẹ́jú àáyá 12 lókè. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, lẹ́yìn ìgbà kẹrin tó fò, afẹ́fẹ́ dojú ẹ̀ dé nílẹ̀ níbi tó dúró sí, ó bàjẹ́. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọ́n ti ń fi òmíràn fò.

Àwọn olùkọ́ tó bẹ̀rù ò ṣẹ̀ o. Ẹ̀yìn kíláàsì tí a ti ń fò kò dáa, torí afẹ́fẹ́ tó bá gba orí òrùlé kọjá ń yí gbirigbiri níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ sí òpin pápá bọ́ọ̀lù, láàárọ̀ kí agogo tó lù, kí oòrùn tó mú ilẹ̀ gbóná tí afẹ́fẹ́ á máa já wọlé lójijì. Ká so ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ igi: tó bá ń mì díẹ̀, ká fi kọ́ṣẹ́; tó bá nà gbọnrangandan, ká gbé bàálù wọlé.

Tí ẹ bá fẹ́, ẹ fi rìmóòtù lé ẹlòmíì lọ́wọ́, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. Bátìrì náà kún nígbà tí wọ́n tì í mọ́bẹ̀, irú ẹ̀ sì máa ń wú tí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. A ò lówó òmíràn.